Cnut: Bí Ajagun Viking Ṣe Di Ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á ti pàdé orúkọ Canute. Bí mínísítà kan bá ń bá ohun tí apá rẹ̀ kò ká wọ̀yá ìjà, wọ́n á ní ó ń ṣe bí Ọba Canute tó jókòó sétí òkun, tó ń pàṣẹ pé kí omi dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń gbé ní ìlú ọba ló ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ti gbà pé ọba tí orí rẹ̀ kò pé ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó ń wo fíìmù Viking náà mọ orúkọ yìí, àmọ́ ọmọkùnrin tó ń fi àáké bẹ́ èèyàn lórí ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Èyí tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ nílé ìwé ni pé William ará Normandy, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, fi ogun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, bí ẹni pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹnì kan náà ni Canute etí òkun àti Cnut aláàáké. Ọmọ ọba Dẹ́ńmáàkì ni, ó sì ti gba gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 50 ọdún gbáko kí William tó dé. Ogun ló fi wọlé, ogun burúkú sì ni. Ohun tó yẹ kó yé wa ni bí àwọn tó fojú winá ogun yẹn gan-an ṣe wá gbà á lọ́ba, tó fi lo ọdún 19 lórí ìtẹ́ títí ikú fi mú un lọ.

Àwọn wo là ń pè ní Viking?

Viking kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà. Iṣẹ́ ni. Àwọn tó ń ti Dẹ́ńmáàkì, Nọ́wè àti Súwídìn wa ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀ láti kó ẹrù, láti ṣòwò tàbí láti tẹ̀dó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nílé, àgbẹ̀ àti apẹja ni ọ̀pọ̀ wọn. Ọkọ̀ wọn ló sọ wọ́n di ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀: ó gùn, ó fúyẹ́, ìdí rẹ̀ kò sì rì wọnú omi púpọ̀. Wọ́n á ta ìgbòkun sọdá òkun, wọ́n á sì fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kan náà wọ inú odò lọ dé àárín ìgbèríko. Kí onílé tó kó ọmọ ogun jọ, wọ́n ti kó ẹrù wọ́n ti lọ.

Lọ́dún 793 ni wọ́n kọlu ilé àwọn mọ́ǹkì ní Lindisfarne, ìròyìn náà sì ba gbogbo àwọn Kristẹni Yúróòpù lẹ́rù. Kó tó di ìgbà Cnut, ọ̀pọ̀ wọn ti di onílé. Wọ́n ti gbéyàwó, wọ́n ti dáko ní àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú èdè wọn ni orúkọ ìlú bíi Derby àti Grimsby ti wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí nígbà tí Cnut dé, ó bá àwọn tó ń sọ èdè tó jọ tirẹ̀ níbẹ̀.

Láàárín ọdún 990 sí 995 ni wọ́n bí i. Sweyn ni bàbá rẹ̀, ọba Dẹ́ńmáàkì, ẹni tí wọ́n ń pè ní Forkbeard nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ tó là sí méjì. Ọmọ olórí ilẹ̀ Pólàǹdì ni ìyá rẹ̀. Bàbá tó bí Sweyn ni Harald Bluetooth, ọba tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fóònù yín títí di òní: lẹ́tà ìgbàanì méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pa pọ̀ tó di àmì Bluetooth. Harald yìí gbé òkúta ńlá kan kalẹ̀ ní Jelling, ó sì kọ ọ́ sí i lára pé òun lòun sọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì di Kristẹni. Fíìmù tó bá wá fi Cnut hàn bí ẹni tó ń bọ Odin, òrìṣà ìgbàanì àwọn Viking, ti ṣi ìtàn sọ.

Kí ló ń gbé wọn wá léraléra?

Fàdákà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lówó, ìjọba rẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó orí kárí ìlú dé abúlé tó kéré jù. Ọba tó wà lórí oyè, Æthelred, kò rí àwọn Viking lé, ló bá ń fowó bẹ̀ wọ́n. Lọ́dún 991, wọ́n san 10,000 pọ́n-ùn fàdákà kí wọ́n lè lọ. Lọ́dún 994, ó di 16,000. Lọ́dún 1002, 24,000. Nígbà tó fi máa di 1012, 48,000 ni. Ẹni tó bá ti kọ́lé ní Èkó tàbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn rí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìdí rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ á gbowó ìpìlẹ̀, á lọ, á tún padà wá gbowó òrùlé, torí owó àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ san ló jẹ́ kó mọ̀ pé owó ṣì ń bẹ lápò yín.

Æthelred wá ṣe ohun tó burú ju owó sísan lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 1002, ó pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tó ń gbé láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní Oxford, àwọn tí wọ́n ń lépa já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Saint Frideswide wọlé, wọ́n sá pamọ́ síbẹ̀. Àwọn ará ìlú dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́ wọn. Ìwé tí Æthelred fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 1004 ló sọ èyí, nígbà tó fẹ́ tún ilé náà kọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ àbámọ̀ kankan nínú rẹ̀. Lọ́dún 2008, àwọn awalẹ̀pìtàn hú egungun ọkùnrin tó lé ní 30 jáde nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Oxford. Ojú ọgbẹ́ pọ̀ lára wọn, iná sì ti jó òmíràn nínú wọn. Àwọn onímọ̀ kan so wọ́n mọ́ ọjọ́ burúkú yẹn.

Láti ọdún 1003 ni Sweyn ti ń padà wá pẹ̀lú ọmọ ogun. Lọ́dún 1013, ìpinnu rẹ̀ yí padà: ìtẹ́ ló wá gbà. Ó mú Cnut dání, wọ́n wa ọkọ̀ gba odò Trent dé Gainsborough, àwọn ará àríwá sì túúbá fún un kíákíá. Ìyókù ilẹ̀ náà tẹ̀ lé wọn. Æthelred sá lọ sí Normandy lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ oyè ọ̀hún kò tọ́jọ́ lórí Sweyn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1014, ikú dé.

Báwo ni Cnut ṣe gba ilẹ̀ náà?

Àwọn ọmọ ogun inú ọkọ̀ fi Cnut jọba, àmọ́ àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ pe Æthelred padà. Wọ́n fi àdéhùn sí i: wọ́n ní kò sí olúwa tí àwọn fẹ́ràn ju ọba tí wọ́n bí fún àwọn, bó bá jẹ́ pé á ṣe ìjọba tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Æthelred kó ogun dé, Cnut sì sá wọ ọkọ̀.

Ohun tó ṣe kó tó lọ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ìdílé ńlá túúbá fún bàbá rẹ̀, wọ́n ti fi ọmọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Cnut kó àwọn ọmọ wọ̀nyí dé èbúté Sandwich, ó gé ọwọ́, etí àti imú wọn, ó sì sọ wọ́n kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọba tí mo máa ròyìn ìwà dáadáa rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, òun náà ló ṣe é.

Lọ́dún 1015 ó padà dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó pọ̀ àti balógun tó mọ ogun dáadáa. Ẹni tó ṣí ọ̀nà fún un ni Eadric Streona, àna Æthelred, ẹni tí ọba fi gbogbo agbègbè Mercia, ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí lọ́wọ́. Eadric kó ọkọ̀ 40 kúrò lẹ́yìn ọba, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ Cnut. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1016, Æthelred kú sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ rẹ̀, Edmund, gba idà lọ́wọ́ rẹ̀, akin ni, kò jọ bàbá rẹ̀ rárá. Ironside ni wọ́n ń pè é nítorí ìgboyà rẹ̀.

Cnut dó ti Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ afárá orí odò Thames dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá sí ìhà gúúsù odò, kó yí orí afárá ká. Wọ́n wọ́ àwọn ọkọ̀ gba inú kòtò yẹn kọjá sí òkè odò, wọ́n tún wa kòtò yí ìlú ká tí ẹnikẹ́ni kò fi lè wọlé tàbí jáde. Síbẹ̀ ìlú náà kò ṣubú. Ìgbà mélòó kan ni òun àti Edmund pàdé lójú ogun lọ́dún yẹn, Edmund sì ń ṣe dáadáa débi pé Eadric tún padà sẹ́yìn rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni Edmund ṣe nígbà tó gbà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, wọ́n pàdé ní Assandun, ní Essex. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni Eadric kó àwọn tirẹ̀, ó sá lọ. Bíṣọ́ọ̀bù kú níbẹ̀, olórí ilé mọ́ǹkì kú níbẹ̀, àwọn ìjòyè tó gbajúmọ̀ jù sì tò lọ bẹẹrẹ.

Edmund àti Cnut jọ jókòó ní erékùṣù kan nínú odò Severn, wọ́n pín ilẹ̀: Edmund mú Wessex ní ìhà gúúsù, Cnut mú ìhà àríwá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, Edmund kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ lẹ́yìn náà pé ejò lọ́wọ́ nínú, àmọ́ ẹni tó ti jagun fún oṣù mélòó kan láìsinmi lè kú ikú ọgbẹ́ tàbí àìsàn bákan náà. Bó ti wù kó rí, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ti Cnut. Kò tíì pé ọmọ 30 ọdún.

Kí ló ṣe tí wọ́n fi gbà á?

Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1017, ó pa Eadwig, àbúrò Edmund, ó sì lé àwọn ọmọ Edmund tó wà ní ọmọ ọwọ́ jáde nílùú. Hungary ni wọ́n dàgbà sí. Ní Kérésìmesì ọdún yẹn, ó kan Eadric. Òǹkọ̀wé kan tó sún mọ́ ààfin ròyìn pé Cnut ní kí wọ́n san gbèsè tí àwọn jẹ ọkùnrin náà fún un, kó má bàa dalẹ̀ àwọn náà. Orí ni wọ́n gé. Ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni sunkún Eadric ní ìhà méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ló wá fẹ́ Emma, opó Æthelred. Ìgbéyàwó yìí gbọ́n ju ogun méjì lọ. Ọmọ olóyè Normandy ni Emma, àwọn ọmọkùnrin méjì tó bí fún Æthelred sì wà ní Normandy lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Bí Cnut ṣe fẹ́ ìyá wọn, àwọn ẹbí yẹn kò ní ìdí púpọ̀ mọ́ láti kó ogun tì wọ́n. Àwọn ará ìlú pẹ̀lú ti mọ Emma ní ayaba láti ọdún 1002. Àmọ́ Cnut ti ní ìyàwó nílé tẹ́lẹ̀, Ælfgifu ará Northampton, tó bí ọmọkùnrin méjì fún un, kò sì lé e lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyàwó méjì yìí sílẹ̀ ná, a ó padà bá wọn.

Lọ́dún 1018 ó gba owó orí tí irú rẹ̀ kò sí rí: 72,000 pọ́n-ùn káàkiri ilẹ̀, 10,500 lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Ẹrù ńlá ni èyí jẹ́ fún ìlú, n kò ní fi bò. Àgbẹ̀ tí ogun ti jẹ oko rẹ̀ ló san án. Ibi tí mo ti rí ìyàtọ̀ ni ohun tí Cnut fi owó náà ṣe. Ó fi san owó àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, ọkọ̀ 40 péré ló dá dúró. Ajagun tó bá fẹ́ kó ẹrù sá kì í tú ogun rẹ̀ ká. Láti ìgbà yẹn títí tó fi kú, ọwọ́ àwọn ogun Viking ńlá kò tó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, torí olórí wọn ló ń ṣọ́ ọ.

Ọdún yẹn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ará Dẹ́ńmáàkì pàdé ní Oxford, ìlú tí wọ́n ti sun èèyàn mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọdún 16 ṣáájú, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan láti máa tẹ̀ lé òfin Ọba Edgar, bàbá Æthelred. Ẹ ronú sí i: àlejò tó ṣẹ́gun sọ pé òfin onílé lòun máa lò. Wulfstan, bíṣọ́ọ̀bù àgbà York, ẹni tó ti ń wàásù kíkan pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fa ogun Viking, òun ló wá ń kọ òfin fún ọba Viking. Nínú òfin wọ̀nyí ni wọ́n ti kọ ọ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fipá fa opó tàbí wúńdíá fún ọkùnrin tí kò wù ú, wọn kò sì gbọ́dọ̀ tà á nítorí owó. Wọ́n tún kọ ọ́ pé oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti dẹgbó lórí ilẹ̀ ara rẹ̀.

Ó sì ń tọrọ àforíjì fún ìwà àwọn èèyàn rẹ̀ ní gbangba. Lọ́dún 1012, ọmọ ogun Viking ti pa Ælfheah, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ní Greenwich. Egungun màlúù ni wọ́n ń sọ lù ú níbi àsè wọn. Lọ́dún 1023, Cnut ní kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Canterbury pẹ̀lú ọlá. Ní Assandun, níbi tó ti ṣẹ́gun, ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọkàn àwọn tó kú. Ẹnì kan lè ní òṣèlú lásán ni. Èmi gbà pé òṣèlú wà níbẹ̀, àmọ́ ìjọ tí ọmọ ogun bàbá rẹ̀ ti jó nílé gba ẹ̀bẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ tiwọn ló sì yẹ ká fi ṣèdájọ́.

Ìlú mélòó ló jọba lé lórí?

Nígbà tí arákùnrin rẹ̀ Harald kú, Cnut lọ gba oyè Dẹ́ńmáàkì lọ́dún 1019. Lọ́dún 1028 ó wa ọkọ̀ 50 lọ sí Nọ́wè. Owó tó ti ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ìjòyè ibẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ kó tó débẹ̀, Olaf, ọba Nọ́wè, sì sá lọ láìjà. Nígbà tí Olaf padà wá lọ́dún 1030, wọ́n pa á ní Stiklestad. Adé ilẹ̀ mẹ́ta wá wà lórí Cnut, òkun sì wà láàárín àwọn ilẹ̀ náà.

Ìrìn àjò rẹ̀ sí Róòmù lọ́dún 1027 ló fi irú èèyàn tó ti dà hàn jù. Ní ọjọ́ Àjíǹde, ó wà níbẹ̀ nígbà tí Póòpù ń dé Conrad ọba Jámánì ládé. Ó kọ lẹ́tà sílé fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí ohun tó bá wọn sọ: pé kí wọ́n dín owó ibodè tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń rin ìrìn àjò ìsìn láti ilẹ̀ rẹ̀ kù, àti pé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó tún kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má fi ìwà ìrẹ́jẹ gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí tòun, torí òun kò nílò irú owó bẹ́ẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ló pàṣẹ fún òkun?

Henry ará Huntingdon ló kọ́kọ́ kọ ìtàn náà, ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn ikú Cnut. Ohun tó kọ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí àwọn oníròyìn ń sọ. Ó ní Cnut ní kí wọ́n gbé àga òun sí etí òkun nígbà tí omi ń kún bọ̀. Ó sọ fún omi pé tòun ni ilẹ̀ yìí, pé kó má ṣe fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tàbí aṣọ olúwa rẹ̀. Omi rọ́ dé, ó rin ín dé ojúgun. Ọba fò sẹ́yìn, ó ní kí gbogbo ayé mọ̀ pé òfo ni agbára àwọn ọba, pé kò sí ẹni tí orúkọ yẹn tọ́ sí àfi Ẹni tí ọ̀run, ilẹ̀ àti òkun ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Henry ní láti ọjọ́ yẹn ni kò ti dé adé mọ́, tó fi kọ́ ère Olúwa lórí àgbélébùú.

Kò sí ẹni tó kọ èyí nígbà ayé Cnut, ó sì jọ ìwàásù ju ẹ̀rí lọ. Bẹ́ẹ̀ náà, ohun kan wà tí a fi ojú rí: àwòrán tí wọ́n yà ní ilé mọ́ǹkì kan ní Winchester ní nǹkan bí ọdún 1031, tó fi Cnut àti Emma hàn bí wọ́n ṣe ń gbé àgbélébùú ńlá lé orí pẹpẹ. Ẹni tó bá pe òṣèlú olórí líle ní Canute lónìí ti gbé ọ̀rọ̀ náà dorí kodò. Nínú ìtàn Henry, Cnut fúnra rẹ̀ ló sọ pé òfo ni agbára ọba.

Kí ló wó ìjọba náà?

Ọ̀rọ̀ ìyàwó méjì tí a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Cnut ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú Emma pé ọmọ tó bá bí fún òun ló máa jọba. Síbẹ̀ ó rán Ælfgifu àti ọmọ rẹ̀ Svein lọ jọba ní Nọ́wè. Owó orí wọn le débi pé àwọn ará ibẹ̀ kò gbàgbé ìgbà Ælfgifu fún ọdún gbọọrọ, wọ́n sì lé e jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1035, Cnut kú sí Shaftesbury. Harthacnut ọmọ Emma wà ní Dẹ́ńmáàkì, kò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ nítorí ogun Nọ́wè. Harold ọmọ Ælfgifu wà nítòsí, ló bá gba ìtẹ́. Alfred, ọmọ tí Emma bí fún Æthelred, ti Normandy wá, wọ́n fọ́ ọ lójú, ó sì kú. Nígbà tí Harold kú lọ́dún 1040, Harthacnut dé, ó ní kí wọ́n hú òkú ọmọ bàbá rẹ̀ yìí, kí wọ́n sọ ọ́ sínú irà. Ní ọdún 1042, Harthacnut fúnra rẹ̀ ń mutí níbi ìgbéyàwó ní Lambeth, ó ṣubú lulẹ̀, ó kú. Ọdún méje péré lẹ́yìn Cnut, ìtẹ́ padà sọ́wọ́ Edward, ọmọ Æthelred.

Ìgbà tí Edward kú láìbímọ lọ́dún 1066 ni gbogbo okùn tí Cnut so wá tú. Harold mìíràn tó gba adé, ọmọ Godwin ni, ẹni tí Cnut gbé dìde tó sọ di ìjòyè alágbára jù lọ nílẹ̀ náà. Harald Hardrada tó ti Nọ́wè wá, ọmọ ìyá Olaf ni, ó sì ti gba ọgbẹ́ ní Stiklestad nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15. William, ọmọ-ọmọ arákùnrin Emma ni. William ló borí. Lọ́dún 1069, Sweyn ọba Dẹ́ńmáàkì, ọmọ arábìnrin Cnut, tún rán ọkọ̀ ogun wá láti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò Sweyn ló ṣáájú wọn. William fowó ránṣẹ́ sí i ní bòókẹ́lẹ́, nígbà tó sì di ọdún 1070, wọ́n wa ọkọ̀ wọn padà sílé.